Ìyára Kì í Ṣe Ọjọ́ Orí: Àríwísí lórí Ẹ̀kọ́ Ayé-Kò-Pẹ́, pẹ̀lú Ẹ̀rí láti Etí Òkun Ìlàjẹ

1.0 ÌFÁÁRÀ

Etí òkun Ìlàjẹ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó kò jọ ti àwọn Yorùbá yòókù. Láti Àgbádárìgì dé Lẹ́kí, iyanrìn ni òkun tẹ́ síwájú ilẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ti ń kọjá Aráròmí lọ sí ọ̀nà Àwòyè, fún nǹkan bí kìlómítà 75, ẹrẹ̀ ni ó kù. Ẹrẹ̀ náà rọ̀, ìgbì ọ̀sẹ̀ kan lè kó o jọ síbì kan, kí ìgbì ọ̀sẹ̀ kejì sì gbá a lọ. Àwọn ará ibẹ̀, tí wọ́n kọ́ ilé wọn sórí òpó, mọ̀ dájú pé ilẹ̀ lè dé ní ọ̀sán kan, ó sì lè lọ ní òru kan.

Ìmọ̀ yìí ni ó mú kí etí òkun Ìlàjẹ yẹ fún àgbéyẹ̀wò ẹ̀kọ́ kan tó ti gbilẹ̀ nínú ìwé àti nínú ìwàásù. Ẹ̀kọ́ náà sọ pé ọjọ́ mẹ́fà oníwákàtí 24 ni Ọlọ́run fi dá ayé, pé ọjọ́ orí ayé kò ju nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún mẹ́fà sí mẹ́wàá lọ, àti pé Ìkún-omi ìgbà Nóà ni ó tẹ́ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn òkúta onípele sílẹ̀ láàárín ọdún kan ṣoṣo, tòun ti fọ́sìlì inú wọn, ìyẹn òkú tàbí ipa ohun abẹ̀mí tó ti di òkúta. Ẹ̀kọ́ Ayé-Kò-Pẹ́ ni orúkọ tí àpilẹ̀kọ yìí fún un.

Ète àpilẹ̀kọ yìí kì í ṣe láti jiyàn bóyá Ẹlẹ́dàá wà tàbí kò sí. Ìjiyàn inú ìwé ni ó dojú kọ: irú ẹ̀rí tí àwọn agbátẹrù ẹ̀kọ́ náà ń mú wá, bí wọ́n ṣe ń tò ó, àti ibi tí ẹ̀rí náà lè gbé ni dé. Kókó rẹ̀ ni pé olórí ẹ̀rí wọn, pé òkúta àti fọ́sìlì lè tètè dá, jẹ́ òtítọ́. Ṣùgbọ́n òtítọ́ náà kò lè ru ẹrù tí wọ́n gbé lé e lórí. Ìyára iṣẹ́ kan kì í ṣe ọjọ́ orí gbogbo iṣẹ́.

2.0 ÌTÀN Ẹ̀KỌ́ NÁÀ NÍ ṢÓKÍ

Ní ọdún 1650, James Ussher, bíṣọ́ọ̀bù àgbà ìlú Armagh ní Ireland, ṣírò ọjọ́ orí àwọn baba ńlá inú Bíbélì, ó sì fi ìgbà tí a dá ayé sí ọdún 4004 ṣáájú ìbí Kristi. Láti ọdún 1701 ni wọ́n ti ń tẹ òǹkà rẹ̀ sí etí ojú ewé Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ òǹkàwé sì gbà á bí ẹni pé ara Ìwé Mímọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òkúta kò sí nínú ìṣirò Ussher. Ẹni tó so ọ̀rọ̀ òkúta mọ́ Ìkún-omi ní ọ̀rúndún ogún ni George McCready Price, ọmọ Kánádà, ọmọ ìjọ Seventh-day Adventist, tó gbé ìwé The New Geology jáde ní 1923. Ní 1961 ni John Whitcomb àti Henry Morris tẹ̀lé e pẹ̀lú The Genesis Flood, ìwé tó gbé ẹ̀kọ́ náà kúrò nínú ìjọ kan wọ inú ọ̀pọ̀ ìjọ. Onímọ̀ ẹ̀kọ́ ìsìn ni Whitcomb. Onímọ̀ ẹ̀rọ nípa omi ni Morris. Èyí yẹ fún àkíyèsí, nítorí pé ohun tí agbára omi lè ṣe ni òpó tí ìwé náà dúró lé.

Ìjọ tí Price ń ṣe ti wà ní ilẹ̀ Yorùbá láti ọdún 1914, nígbà tí David Babcock bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìhìnrere rẹ̀ ní Ẹrúnmu nítòsí Ìbàdàn. Ní ìpàdé àgbáyé tí ìjọ náà ṣe ní San Antonio ní Amẹ́ríkà ní 2015, wọ́n fi í sínú ìlànà ìgbàgbọ́ wọn pé ìdá ayé kò tí ì pẹ́. Ẹ̀kọ́ náà kò mọ sọ́dọ̀ ìjọ kan, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo Kristẹni kò gbà á. Augustine, bíṣọ́ọ̀bù Hippo ní àríwá Áfíríkà, ti kọ ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún karùn-ún pé kò yẹ kí a ka ọjọ́ mẹ́fà inú Jẹ́nẹ́sísì sí irú ọjọ́ tí oòrùn ń yọ tó sì ń wọ̀. Nítorí náà, ìjà láàárín ìgbàgbọ́ àti àìgbàgbọ́ kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ ìwé kíkà àti ọ̀rọ̀ ẹ̀rí ni.

3.0 IBI TÍ Ẹ̀KỌ́ NÁÀ TI TỌ̀NÀ

Ẹni tó bá gbọ́ tẹnu ẹnì kan dájọ́, àgbà òṣìkà ni. Ó tọ́ láti kọ́kọ́ fún àwọn agbátẹrù ẹ̀kọ́ náà ní ẹ̀tọ́ wọn.

Èkíní, òótọ́ ni pé òkú gbọ́dọ̀ tètè rí ìbòmọ́lẹ̀ kí ó tó lè di fọ́sìlì dáadáa. Ẹja tó bá kú sójú omi ní Ìlàjẹ kì í pẹ́ nílẹ̀: akàn ń jẹ ẹ́, ẹyẹ ń ṣá a, èyí tó kù ń jẹrà. Àfi bí ẹrẹ̀ bá yára bò ó tí afẹ́fẹ́ kò sì ráyè dé ibẹ̀ ni egungun rẹ̀ fi lè pẹ́. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá tọ́ka sí ẹja tó di òkúta tòun ti ìpẹ́ rẹ̀, tí wọ́n sì ní ìsìnkú rẹ̀ yá, wọn kò purọ́.

Èkejì, ìpele lè tètè dá. Òkè ayọnáyèéfín Mount St. Helens ní Amẹ́ríkà bú gbàmù ní ọjọ́ 18 oṣù karùn-ún ọdún 1980. Nígbà tó tún bú ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà, eérú àti òkúta wẹ́wẹ́ tó tú jáde tẹ́ ìpele tó nípọn ju mítà méje lọ láàárín wákàtí díẹ̀. Ní oṣù kẹta 1982, àgbàrá ẹrẹ̀ láti orí òkè kan náà gbẹ́ ọ̀gbun sínú àwọn ìpele náà. Steven Austin, onímọ̀ ilẹ̀ tó fara mọ́ Ẹ̀kọ́ Ayé-Kò-Pẹ́, ni ó sọ àpẹẹrẹ yìí di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ṣẹlẹ̀ lóòótọ́.

Ẹ̀kẹta, ìgbà kan wà tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ilẹ̀ kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ àjálù ńlá rárá. Nígbà tí J Harlen Bretz sọ ní 1923 pé àgbàrá ńlá kan ni ó gbẹ́ àwọn ọ̀gbun ìpínlẹ̀ Washington, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀ ọ́. Ọdún pọ̀ kí wọ́n tó gbà, ṣùgbọ́n wọ́n gbà. Ní 1979 ni wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ Penrose, ọ̀kan nínú àwọn tó ga jù lọ nínú ìmọ̀ náà. Ní 1973, Derek Ager, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Swansea, kọ ìwé kan láti fi hàn pé ìjì, àgbàrá àti àjálù ni ó tẹ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìpele tó wà lágbàáyé.

Níbí ni àṣìṣe àkọ́kọ́ ti yọjú. Àwọn ìwé Ayé-Kò-Pẹ́ ṣì ń bá alátakò kan jà tí kò sí mọ́: onímọ̀ ilẹ̀ tó gbà pé ohun gbogbo ń falẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ ayé. Òjìji ni wọ́n ń bá jìjàkadì. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ti gbà pé ìpele kan lè dá lọ́sàn-án kan. Ìbéèrè tó kù ni bóyá gbogbo ìpele, pẹ̀lú àwọn àlàfo àárín wọn, ni ó dá nínú ọdún kan.

4.0 IBI TÍ ÌJIYÀN NÁÀ TI YẸSẸ̀

Ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo ìjiyàn náà rọ̀ mọ́: ó gbéra láti orí "èyí yá", ó sì balẹ̀ sórí "gbogbo rẹ̀ yá". Ẹni tó rí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì tó gbéra ní Ìgbọ́kọ̀dá tó sì dé Wàrí ní ọjọ́ kan náà kò lè torí rẹ̀ sọ pé kò sí ẹni tó fi àjẹ̀ tukọ̀ rí. Ohun tó lè ṣẹlẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀rí inú òkúta kọ̀ọ̀kan ni ó ń sọ èyí tó jẹ́. Ẹ̀rí mẹ́ta ni a ó rí níhìn-ín.

4.1 Òkúta Ewékorò

Etí òkun Ìlàjẹ wà ní apá ìlà-oòrùn kòtò ńlá kan tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń pè ní Dahomey Basin. Kòtò yìí bẹ̀rẹ̀ láti Gánà, ó gba Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ kọjá, ó sì parí sí agbègbè Òkìtìpupa. Láti ìgbà tí Áfíríkà àti Gúúsù Amẹ́ríkà ti ń pínyà ni iyanrìn, ẹrẹ̀ àti ìkarawun ti ń kún inú rẹ̀. Àwọn ìpele rẹ̀ ń rì lọ sísàlẹ̀ bí wọ́n ti ń súnmọ́ òkun, tó fi jẹ́ pé ní etí òkun, ẹ̀rọ nìkan ni ó lè gbẹ́ dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n lókè, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ojú lè rí díẹ̀ nínú wọn.

Ọ̀kan nínú ibi tó hàn jù lọ ni Ewékorò, níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta ẹfun fún sìmẹ́ńtì láti nǹkan bí 1960. Òkúta ẹfun náà nípọn tó nǹkan bí mítà 10 sí 12. Kì í ṣe ẹrẹ̀ lásán: ìkarawun ìgbín inú òkun, egungun iyùn, ewédò, àti ilé àwọn ohun abẹ̀mí kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí ni ó para pọ̀ di òkúta. Nínú òkun tó mọ́, tó móoru, tí kò jìn, ni wọ́n ti gbé, tí wọ́n ti dàgbà, tí wọ́n sì ti kú ní ìran dé ìran. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni iyanrìn wà. Lórí rẹ̀ ni ẹrẹ̀ tó gan di òkúta pẹlẹbẹ wà. Omi tó ń gbé iyanrìn, omi tó mọ́ gaara tó fún iyùn láyè, àti omi tó dákẹ́ tó jẹ́ kí ẹrẹ̀ rọra rọ̀ sílẹ̀ kò lè jẹ́ omi kan náà ní àkókò kan náà.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù wà ní ojú ibi tí òkúta ẹfun àti ẹrẹ̀ òkè rẹ̀ ti pàdé. Ìpele tín-ín-rín kan wà níbẹ̀ tó kún fún ohun aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń pè ní glauconite. Ní ìsàlẹ̀ òkun ni glauconite máa ń dá, níbi tí ohunkóhun kò ti fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Àmì ìsinmi ni. Bí Ìkún-omi kan bá ń da ẹrẹ̀ àti iyanrìn sílẹ̀ láìsinmi títí ọdún fi yípo, nígbà wo ni ìsinmi yìí wáyé? Àwọn ìwé Ayé-Kò-Pẹ́ mọ bí a ti ń sọ̀rọ̀ lórí ìpele. Ọ̀rọ̀ wọn kì í sábà dé àárín ìpele, bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ ni àkókò fara pamọ́ sí.

4.2 Ihò akàn

Ẹni tó bá rìn lórí ẹrẹ̀ Ìlàjẹ nígbà tí omi bá fà yóò rí ihò akàn káàkiri. Akàn kì í gbẹ́ ihò nígbà tí ẹrẹ̀ bá ń rọ́ lù ú. Ó ń dúró kí ilẹ̀ rọlẹ̀. Irú ihò báyìí, ti akàn, ti aràn àti ti edé, wà nínú òkúta káàkiri ayé, ní ìpele lórí ìpele. Ihò kọ̀ọ̀kan ń jẹ́rìí pé omi dákẹ́, ilẹ̀ rọlẹ̀, ohun abẹ̀mí dé, ó kọ́lé, ó gbé, kí ìpele mìíràn tó bò ó. Omi tó ń ru gùdù lórí gbogbo ayé kò lè fún akàn láyè láti kọ́lé, kí ó tún fún ọmọ rẹ̀ láyè lórí òrùlé baba, àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ lórí tirẹ̀.

4.3 Igi tó dúró

Àpẹẹrẹ tí wọ́n fẹ́ràn jù ni igi tó di òkúta lóòró, tí ara rẹ̀ la ọ̀pọ̀ ìpele kọjá. Wọ́n ní bí àwọn ìpele náà bá gba ẹgbẹ̀rún ọdún kí wọ́n tó pé, orí igi náà ìbá ti jẹrà kí ẹrẹ̀ tó dé ibẹ̀. Òtítọ́ ni. Ní etí òkun Ìlàjẹ pàápàá, níbi tí omi iyọ̀ ti wọ igbó omi dídùn, igi ti kú lóòró, ẹrẹ̀ sì ń ga sí i lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Joggins, ní etí òkun Nova Scotia ní Kánádà, níbi tí Charles Lyell àti William Dawson ti ṣe ìwádìí ní 1852, kì í ṣe igi kan ni ó wà lóòró. Igbó lórí igbó ni, tí gbòǹgbò ti ìsàlẹ̀ wà nínú ilẹ̀ tirẹ̀, tí gbòǹgbò ti òkè sì wà nínú ilẹ̀ mìíràn tó bo orí ti ìsàlẹ̀. Igi kan ń sọ pé ẹrẹ̀ yára bò ó. Igbó tó wà lórí igbó ń sọ pé ẹrẹ̀ dúró títí igbó fi hù, tó sì dàgbà, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan. Ẹyọ igi kan kì í dá igbó ṣe. Ẹ̀kọ́ Ayé-Kò-Pẹ́ gbọ́ ẹ̀rí igi, kò dúró gbọ́ ti igbó.

5.0 Ọ̀RỌ̀ ÒǸKÀ ỌDÚN

Nígbà tí ìjiyàn bá kúrò lórí ìyára, ó máa ń bọ́ sórí òǹkà. Àwọn agbátẹrù ẹ̀kọ́ náà ní ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ fi ń ka ọjọ́ orí òkúta kò ṣe é gbọ́kàn lé. Àpẹẹrẹ wọn ni ti Austin, tó mú òkúta tí Mount St. Helens ṣẹ̀ṣẹ̀ tú jáde ní àwọn ọdún 1980 lọ fún àyẹ̀wò, tí èsì sì sọ pé ọjọ́ orí rẹ̀ tó 350,000 ọdún. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó lò wà fún òkúta àgbàlagbà, ibi àyẹ̀wò náà kò sì ní irinṣẹ́ fún èyí tó kéré tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó gbé wúrà etí sórí òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn àpò kòkó, tí òṣùwọ̀n sì ṣì í wọn, kò tí ì fi hàn pé òṣùwọ̀n kòkó ń purọ́ fún àgbẹ̀.

Ohun tó mú kí òǹkà àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ lágbára ni pé ọ̀nà tí kò bá ara wọn tan ń bá ara wọn pàdé. Ní adágún Suigetsu ní Jàpáánù, ẹrẹ̀ ń rọ̀ sílẹ̀ ní ìpele funfun àti dúdú lọ́dọọdún, bí òrùka inú igi. Àwọn ènìyàn jókòó kà á, òǹkà náà sì lọ sẹ́yìn ní ẹgbẹẹgbàárùn-ún ọdún, ó sì gbe òǹkà kábọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń mọ ọjọ́ orí igi àti egungun. Òǹkà kábọ́ọ̀nù yìí náà ni wọ́n lò ní Ihò Eléérú nítòsí Ìsarùn, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó kan náà tí Ìlàjẹ wà, níbi tí Thurstan Shaw àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ti wú egungun ènìyàn kan jáde ní 1965. Èsì rẹ̀ sún mọ́ ẹgbẹ̀rún ọdún 13. Òun náà ni wọ́n lò fún ọkọ̀ ọ̀pọ́n tí wọ́n rí ní Dufuna, ní Ìpínlẹ̀ Yobe, ní 1987, nísàlẹ̀ iyanrìn àti amọ̀ tó nípọn. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún mẹ́jọ ni ọjọ́ orí rẹ̀. Bí òǹkà Ussher bá tọ̀nà, ẹnì kan ti gbẹ́ ọkọ̀ ní Yobe ní nǹkan bí ẹgbàá ọdún kí a tó dá ayé.

Ìwọ̀n mìíràn wà tí kò ní kábọ́ọ̀nù nínú. Láti Èkó dé Recife ní Brazil, ọ̀nà náà jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 4,500. Lónìí, ẹ̀rọ inú òfuurufú ń fi hàn pé ilẹ̀ méjèèjì ń jìnnà síra wọn ní nǹkan bí sẹ̀ntímítà mẹ́ta sí mẹ́rin lọ́dún. Ẹni tó mọ ìṣirò lè pín in fúnra rẹ̀: èsì rẹ̀ wà láàárín mílíọ̀nù 110 sí 150 ọdún. Àwọn òkúta àti fọ́sìlì inú Dahomey Basin, tí kò gbọ́ ohun tí ẹ̀rọ òfuurufú sọ, fi ìpínyà náà sí ìgbà tí kò jìnnà sí èyí.

Àwọn agbátẹrù ẹ̀kọ́ náà fèsì pé ohun gbogbo yára jù báyìí lọ nígbà Ìkún-omi. Ẹgbẹ́ ìwádìí wọn tó ń jẹ́ RATE ṣiṣẹ́ lórí èyí láti 1997 sí 2005. Ó wú ni lórí pé wọ́n sọ òtítọ́ nínú ìròyìn wọn: àmì tó wà nínú òkúta pọ̀ tó ohun tí ó yẹ kó gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù ọdún ní ìwọ̀n ti òde òní, bí gbogbo rẹ̀ bá sì ṣẹlẹ̀ ní àkókò kúkúrú, ooru tí yóò tú jáde pọ̀ ju ohun tí wọ́n lè ṣàlàyé lọ. Ìjiyàn tó bẹ̀rẹ̀ láti fi hàn pé agbára omi nìkan tó, ó parí sí iṣẹ́ ìyanu tí yóò pa iná tí ìjiyàn náà fúnra rẹ̀ dá.

6.0 ÌTÀN ÌWÁṢẸ̀ ÀTI Ọ̀NÀ ÌGBÀKÀWÉ

Ó ku apá tó kan ìmọ̀ lítíréṣọ̀ gan-an. Ẹ̀kọ́ Ayé-Kò-Pẹ́ kò bẹ̀rẹ̀ láti inú òkúta. Inú ọ̀nà ìgbàkàwé kan ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ó ń ka ìtàn ìwáṣẹ̀ bí ẹni ń ka àkọsílẹ̀ iṣẹ́ ojoojúmọ́.

Yorùbá ní ìtàn ìwáṣẹ̀ tirẹ̀ nípa bí ilẹ̀ gbígbẹ ṣe dé orí omi. Olódùmarè fi iyẹ̀pẹ̀ inú ìkarawun ìgbín àti adìẹ oníka márùn-ún rán òrìṣà sísàlẹ̀. Wọ́n da iyẹ̀pẹ̀ sórí omi, adìẹ tàn án, ilẹ̀ sì fẹ̀, ibẹ̀ ni Ilé-Ifẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ti ìyára, ìtàn yìí yára. Síbẹ̀, a kì í gbọ́ pé babaláwo tàbí arọ́kìn jókòó ṣírò ìwọ̀n ilẹ̀ tí adìẹ kan lè tàn lójúmọ́, kí ó lè fi mọ ọjọ́ orí Ifẹ̀. Wọ́n mọ ohun tí ìtàn náà wà fún. Ohun tí àwọn tó ń sọ ọ́ ń jà lé lórí, bóyá Ọbàtálá ni ó ṣe é tàbí Odùduwà, jẹ́ ọ̀rọ̀ àṣẹ: ta ni ó ni ilẹ̀, ta ni ó tọ́ sí adé. Nínú irú ìtàn bẹ́ẹ̀, ìṣe ni ó ń gbé àkókò rìn, kì í ṣe ọjọ́.

Ọ̀rọ̀ Jẹ́nẹ́sísì fi ara jọ èyí. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ń pèsè àyè: ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn, omi àti òfuurufú, ilẹ̀ gbígbẹ. Ọjọ́ mẹ́ta tó tẹ̀lé e ń fi àwọn olùgbé sí àyè wọ̀nyí ní ẹsẹẹsẹ: oòrùn àti òṣùpá, ẹja àti ẹyẹ, ẹranko àti ènìyàn. Ìtòlẹ́sẹẹsẹ yìí jẹ́ ọ̀nà ìsọ̀rọ̀ tó gún régé, ó sì ń sọ pé ayé ní létòlétò àti pé ó ní Olúwa. Kò wọn ẹrẹ̀, kò ka ìpele. Níbi tí ìtàn kò bá ti wọn nǹkan, ẹni tó bá rí òṣùwọ̀n níbẹ̀, òun ló mú un wá.

Àṣìṣe ìgbàkàwé kan náà hàn nínú bí wọ́n ti ń lo ìwé àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀. Wọ́n ń yọ gbólóhùn Ager nípa àjálù láti fi ti ara wọn lẹ́yìn, wọ́n sì ń fi ìyókù ìwé sílẹ̀, níbi tí ó ti gbà pé àkókò tó wà láàárín àjálù kan àti èkejì gùn jọjọ. Ager fúnra rẹ̀ ṣe ìkìlọ̀ lórí èyí nínú ìwé rẹ̀ ti 1993. Ẹni tó ń gbèjà Ìwé Mímọ́ ni ó yẹ kó kọ́kọ́ mọ̀ pé gbólóhùn kì í dá dúró láìsí ohun tó yí i ká.

7.0 OHUN TÓ WÀ NÍBẸ̀ FÚN ARÁ ÌLÀJẸ

Ó lè dà bí ẹni pé àríyànjiyàn inú ìwé lásán ni gbogbo èyí. Kò rí bẹ́ẹ̀ ní etí òkun tí ilẹ̀ rẹ̀ ń lọ.

Ní 1947 ni àwọn onígbàgbọ́ kan tẹ Ayétòrò dó, tí wọ́n ń pè ní ìlú àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́. Ìgbàgbọ́ ni wọ́n fi dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìmọ̀ ẹ̀rọ ni wọ́n fi kọ́ ọ: wọ́n kan ọkọ̀, wọ́n ní ibi iṣẹ́ ọwọ́, wọ́n sì fa iná mànàmáná nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ilẹ̀ Yorùbá kò tí ì ní i. Òkun ti gba apá púpọ̀ nínú ìlú náà, tilé, tilé ẹ̀kọ́, tibi iṣẹ́. Ìjì ni ojú ń rí, nítorí pé ìjì ni ó ń wó ilé. Ṣùgbọ́n ìjì kò dá ṣiṣẹ́. Omi òkun ayé ń ga ní nǹkan bí mìlímítà mẹ́ta sí mẹ́rin lọ́dún. Ẹrẹ̀ tí ìlú náà dúró lé ń rì nítorí pé ó rọ̀, ó sì ń fún pọ̀. Igbó omi tó ń di ẹrẹ̀ mú ń dín kù. Odò tí wọ́n gbẹ́ fún ọkọ̀ iṣẹ́ epo sì ṣílẹ̀kùn fún omi iyọ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ènìyàn lè dúró lójú kan kí ó wò. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Níbí ni ewu Ẹ̀kọ́ Ayé-Kò-Pẹ́ wà fún irú ibi báyìí. Ó ń kọ́ ojú láti rí àjálù nìkan. Ó ń sọ pé iṣẹ́ ńlá tó mọ ilẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ nínú ọdún kan látijọ́, àti pé ìwọ̀n tí a ń rí lónìí kò lè sọ ohunkóhun fún wa nípa àná. Bí ìwọ̀n òní kò bá sọ nǹkan nípa àná, kí ni yóò fi sọ ti ọ̀la? Ará Ayétòrò tó fẹ́ mọ̀ bóyá ilẹ̀ tí òun ń kọ́lé sí yóò ṣì wà fún ọmọ òun nílò ìmọ̀ mìlímítà lọ́dọọdún, ó sì nílò ìgbẹ́kẹ̀lé pé mìlímítà ń pọ̀ títí ó fi di mítà. Ìgbẹ́kẹ̀lé yìí kan náà ni ó sọ ìkarawun Ewékorò di òkè òkúta.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí fún ohun tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀. Láti nǹkan bí 1908 ni Nigerian Bitumen Corporation ti ń gbẹ́ ilẹ̀ wá ọ̀dà àti epo ní agbègbè Agbábú, títí Ogun Àgbáyé Kìíní fi dé ní 1914. Lónìí, àwọn tó ń wa epo lójú omi ń fi fọ́sìlì kéékèèké inú ẹrẹ̀ mọ ìpele tí ẹ̀rọ wọn dé, nítorí pé fọ́sìlì ní ẹsẹẹsẹ tirẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Bí Ìkún-omi kan bá ti po gbogbo wọn pọ̀, ẹsẹẹsẹ yìí kì bá tí wà. Ọmọ Ìlàjẹ tí wọ́n bá kọ́ pé kò sí àkókò nínú òkúta, wọ́n ti ti ìlẹ̀kùn ìmọ̀ nípa ọrọ̀ ilẹ̀ baba rẹ̀ mọ́ ọn.

8.0 ÌGÚNLẸ̀

Àgbéyẹ̀wò yìí ti fi hàn pé Ẹ̀kọ́ Ayé-Kò-Pẹ́ rí ohun kan tó jẹ́ òtítọ́: òkú ń tètè sin, ìpele ń tètè tẹ́, àjálù ń ṣiṣẹ́. Àbùkù rẹ̀ mẹ́ta ni. Ó sọ ìyára ìpele kan di ọjọ́ orí gbogbo ìpele. Ó fojú fo àárín ìpele, níbi tí akàn ti kọ́lé, tí igbó ti hù, tí omi ti sinmi. Ó sì fi ìtàn ìwáṣẹ̀ ṣe òṣùwọ̀n tí àwọn tó ni ìtàn kò fi ṣe.

Iṣẹ́ ṣì wà nílẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn agbátẹrù ẹ̀kọ́ náà ń fi èdè tó yé ará ilé sọ̀rọ̀: ọjọ́, omi, ẹrẹ̀, Nóà. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ kò tí ì ní Yorùbá tó gbọ́rọ̀ délé bẹ́ẹ̀ fún mílíọ̀nù ọdún. Ó yẹ kí àwọn olùkọ́ èdè àti àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì jókòó pọ̀ wá ọ̀rọ̀ fún ìpele, fún ìsinmi àárín ìpele, àti fún ìgbà tó jìn ju ìtàn lọ. Bí wọ́n bá rí i, ibi tó dára láti kọ́kọ́ lò ó ni kíláàsì kan ní etí òkun Ìlàjẹ, nígbà tí omi bá fà, tí ihò akàn sì hàn lórí ẹrẹ̀.